Alágbàṣe Kì í Ṣe Aláìníláárí

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè kan ṣe ń ronú, ẹ jẹ́ kí a fetí sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ wọn tí ó ti àjò dé. Ní ilẹ̀ wa, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ga, tí ó mọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n gbá, tí ó sì tìtorí rẹ̀ rékọjá òkun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń bá pàdé nígbà tí ó bá padà wálé: ‘Ṣé NBA ni o wà?’ Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹní fún un láti orí títì dé ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé òun ti wà níbẹ̀ rí, tí òun sì ti kọjá sí Kòríà tàbí sí Ṣáínà, ojú tí a fi ń wò ó yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, a ó sì máa káàánú rẹ̀ bí oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kù sí i lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tí ó ń ta ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń pè ní ọdọọdún, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣeyẹ, ẹni ọ̀wọ̀ ni. Bí ìtìjú kan bá wà nínú ìrìn àjò rẹ̀, àwa tí a jókòó sílé ni ìtìjú náà tọ́ sí, nítorí pé a kò la pápá tí ó lè ti ṣe iṣẹ́ náà láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Títí tí a ó fi mọ èyí, a ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ òdì, a ó sì máa fọwọ́ ara wa sọ ohun ìní wa nù.

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ìtàn Hakeem Ọlájùwọ́n. Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ní ilé-ìwé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di géńdé kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Ní ọdún 1980 ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọdún 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn òṣèré tuntun, òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀, Michael Jordan sì ni ẹni kẹta. Ní ọdún 1994 àti 1995 ó kó ẹgbẹ́ Houston Rockets gba ife ẹ̀yẹ líìgì náà. Ìtàn yìí dùn ún sọ, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrókò ni Hakeem, igi kan kì í sì í dá igbó ṣe. Olùkọ́ tí ó bá fi ìrókò nìkan han àwọn ọmọ, tí kò fi ìyókù igbó hàn wọ́n, ń tàn wọ́n jẹ láìmọ̀. Nínú gbogbo àwọn tí yóò bá ipa ẹsẹ̀ Hakeem lọ, ó ṣòro kí a tó rí ẹyọ kan tí yóò dé ibi tí ó dé. Ìgbésí ayé tí àwọn ìyókù yóò gbé ni a kì í sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọ Ìbàdàn kan tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olúmidé Oyèdèjì ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1981 ni a sì bí i. Ó ga ju mítà 2 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn òǹwòran ń torí rẹ̀ pariwo. Abẹ́ àwọ̀n ni ó máa ń dúró sí bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá sì ta dànù lára irin, òun ni yóò fò sókè láàrin àwọn òmìrán, tí yóò já a gbà, tí yóò sì gbé e lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè lọ gba ìyìn. Irú iṣẹ́ báyìí ni ojú kì í tètè rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè borí láìní ẹni tí yóò ṣe é.

Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti wà ní ìlú Würzburg ní Jámánì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ibẹ̀. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ Seattle SuperSonics yàn án sí NBA. Ẹni kejìlélógójì ni ó jẹ́ nínú àwọn tí a yàn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìpele kejì ni wọ́n ti mú un. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tí a bá yàn ní ìpele àkọ́kọ́, owó rẹ̀ dájú fún àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí yóò lò níbẹ̀. Ẹni tí a bá yàn ní ìpele kejì kò ní ìdánilójú kankan láti ọ̀dọ̀ òfin. Wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè ní kí ó máa lọ. Olúmidé lo sáà 2 ní Seattle àti sáà 1 ní Orlando. Nígbà tí ọdún 2003 fi ń parí, ọmọ ọdún 22 ni, ó sì ti fi NBA sílẹ̀.

Àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn ènìyàn ti pa ìwé rẹ̀ dé níbẹ̀. Òun ní tirẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà lọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní erékùṣù Puerto Rico. Ó lọ sí Kòríà ti Gúúsù, níbi tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Samsung Thunders ti ìlú Seoul tí ó gba ife líìgì ilẹ̀ náà ní ọdún 2006. Ó lọ sí Ṣáínà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ju sáà kan lọ. Ní ọdún 2012, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 31, ó wà lára àwọn 12 tí wọ́n gbé aṣọ Nàìjíríà wọ̀ ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọkùnrin wa dé ibẹ̀ nínú eré yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ agbára, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún 12 gbáko ni ó wà láàrin ọjọ́ tí Seattle yàn án àti ọjọ́ tí ó dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, ní iṣẹ́ tí orúnkún àti ẹ̀yìn fi ń san gbèsè. Èwo nínú èyí ni ìkùnà?

Ó dára kí a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí a má baà máa sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a kò mọ̀. Àwọn baba wa mọ alágbàṣe. Òun ni ó ń gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká láti oko kan dé òmíràn, tí a ń fi iye ebè tí yóò kọ hàn án, tí yóò gba owó rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí iṣu tí ó hù lórí ebè náà kò sì kàn án. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbábọ́ọ̀lù tí ń rìn káàkiri. Ní Kòríà àti ní Ṣáínà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlejò 2 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní. Nítorí náà, wọn kò pe àlejò wá kí ó wá kọ́ṣẹ́. Kí ó wá borí ni wọ́n ṣe pè é. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù ìdíje mélòó kan léraléra, a kì í lé onílé jáde. Àlejò ni ó ń kọ́kọ́ di ẹrù. Kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ àjọ tí ń ṣàkóso eré náà ní ibi tí ó ti ń bọ̀. Bí ìwé náà bá pẹ́ lójú ọ̀nà, yóò jókòó, oúnjẹ rẹ̀ yóò sì jókòó tì í.

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ṣùgbọ́n tí wọn kò san owó. Ìwà yìí wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí FIBA, àjọ tí ń ṣàkóso eré yìí ní gbogbo ayé, fi dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 2007 kí agbábọ́ọ̀lù lè rí ibi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ̀ láti san ohun tí ilé ẹjọ́ náà dá fún agbábọ́ọ̀lù, FIBA lè fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ gba òṣèré tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilé ẹjọ́ náà kò lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò bá ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn yóò gbé ìjà lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Ọmọ tí kò lè ka ìwé àdéhùn rẹ̀ já ti jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, tí ó sì ń mú ni ronú. Ní ọdún 2000, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Káríbíà àti Pàsífíìkì bá àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Kútọnu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó bá wa pààlà. Òwò àti ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Spéènì, àdéhùn yìí wá di kọ́kọ́rọ́ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, nítorí pé a kò kà wọ́n mọ́ àwọn àjèjì tí òfin líìgì fi òdiwọ̀n sí iye wọn mọ́. Kútọnu sì wá di orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: ìlú kan ní etí òkun wa ṣí ilẹ̀kùn Yúróòpù fún ọmọ Áfíríkà, ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ gan-an ni kò sí ẹni tí ó bá a ṣí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tí ń rìn báyìí kò ní ibùdó nítorí pé kò ní láárí. Ẹgbẹ́ Seattle SuperSonics tí ó kọ́kọ́ yan Olúmidé, níbo ni ó wà lónìí? Ní ọdún 2008 ni àwọn tí ó ni ín kó o kúrò ní Seattle lọ sí Oklahoma City, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Nínú òwò yìí, ilé pàápàá máa ń ṣí kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò wá bá ayálégbé wí pé kò dúró sójú kan?

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn káàkiri kì í ṣe òfò fún ọlọgbọ́n. Ime Udoka, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, rìn títí nínú àwọn líìgì kéékèèké àti nínú ẹgbẹ́ bíi mélòó kan ní NBA kí ó tó rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ìdíje ife àgbáyé ọdún 2006. Ohun tí ó rí lójú ọ̀nà ni ó fi di olùkọ́ni. Ní ọdún 2022 ó kó ẹgbẹ́ Boston Celtics dé àṣekágbá NBA, ní ọdún 2023 ẹgbẹ́ Houston, ilé Hakeem àtijọ́, sì fi í ṣe olùkọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní yàrá àlejò ní ìlú mẹ́wàá mọ ohun tí onílé kan kò lè mọ̀. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, òun ni yóò máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni jù lọ ni mo ń bọ̀. Mo ti sọ pé Würzburg ni Olúmidé wà kí Amẹ́ríkà tó yàn án. Kì í ṣe ìlú ńlá. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò tó 150,000, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń gbé Ìbàdàn tó mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan. Ní Würzburg yìí kan náà ni a bí Dirk Nowitzki ní ọdún 1978. Ọmọ ìlú náà ni, inú ẹgbẹ́ ìlú náà ni ó sì ti dàgbà. Ó rí olùkọ́ níbẹ̀, ó rí gbàgede ìṣeré tí ó ní òrùlé, ó rí líìgì tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí ó sì ń parí ní àkókò. Ní ọdún 1998 wọ́n yàn án sí NBA láti ibẹ̀, sáà 21 gbáko ni ó sì lò ní ẹgbẹ́ Dallas nìkan. Ẹ wo àwọn ọmọ méjì yìí dáadáa. Ọmọ Würzburg rí ohun tí ó fi dàgbà ní ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀; ọmọ Ìbàdàn ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú ọmọ Würzburg kí ó tó rí i. Èmi kò wí pé ẹ̀bùn wọn dọ́gba. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlú kékeré kan ní Jámánì ní ohun tí ìlú Ìbàdàn kò ní, ohun náà kì í sì í ṣe wúrà.

Ní ọdún 2006, ní ilẹ̀ Jàpáánù, Nàìjíríà pàdé Jámánì nínú ìdíje ife àgbáyé. Nowitzki ni aṣáájú wọn. Àwọn ọmọ wa ti kọ́kọ́ na Serbia àti Montenegro ní 82 sí 75, orílẹ̀-èdè tí ó rọ́pò Yugoslavia tí ó gba ife náà ní ọdún 2002. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Jámánì, 78 sí 77 ni ó parí sí. Àmì ẹyọ kan! Ní ọdún 2012, ní Caracas, kí a tó lè dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ wa na Lithuania ní 86 sí 80, wọ́n na Greece ní 80 sí 79, wọ́n sì na Dominican Republic ní 88 sí 73. Ní oṣù keje ọdún 2021, ní Las Vegas, wọ́n na Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní 90 sí 87 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbaradì. Ẹ ti àwọn wo ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí? Àwọn tí wọ́n ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Àwọn tí a ń káàánú ni wọ́n ń gbé orúkọ wa ga. Ní Òlíńpíìkì ti Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Tunisia ní 60 sí 56, Amẹ́ríkà nà wọ́n ní 156 sí 73. Mo sọ èyí pẹ̀lú, nítorí pé òtítọ́ kì í ní apá kan. Àwọn tí wọ́n kó ara wọn jọ láti ìlú káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè borí lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ́ tí yóò borí lójoojúmọ́, ilé ni a ti ń kọ́ ọ.

Kí ni àwa wá ń fi ilé náà ṣe? Láti ọdún 2017 ni ìjà ti wà lórí ẹni tí yóò ṣe olórí àjọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ilẹ̀ wa, líìgì ilé kò sì lọ déédéé ní àwọn ọdún ìjà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà yọwọ́ nínú gbogbo ìdíje eré náà ní àgbáyé fún ọdún 2, kí a lè tún ilé ṣe. Ní oṣù kẹfà, ìjọba yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n kí ó tó yí i padà, FIBA ti mú ipò àwọn obìnrin wa nínú ìdíje ife àgbáyé ọdún náà fún Mali. Àwọn obìnrin tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní ọdún 2017, 2019 àti 2021 ni a ṣe báyìí fún! Erin méjì jà, koríko ni ó fara gbọgbẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé Áfíríkà kò lówó tí yóò fi ṣe irú nǹkan wọ̀nyí. Kí ó wo Rùwáńdà. Ilẹ̀ kékeré ni, ojú rẹ̀ sì ti rí ohun tí a kò gbàdúrà pé kí ojú ẹnikẹ́ni rí. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ gbàgede kan tí ó gba 10,000 ènìyàn sí Kigali, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2019. Nígbà tí NBA àti FIBA jọ dá líìgì àwọn ẹgbẹ́ gbogbo Áfíríkà sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, Kigali ni wọ́n ti ṣe é. Ẹgbẹ́ Rivers Hoopers láti Port Harcourt ni ó lọ ṣojú fún wa. Ní ọdún 2024 ẹgbẹ́ yìí kan náà ṣe ipò kẹta. Ọwọ́ wa kò kúrú. Ìdúróṣinṣin ni a kò ní.

Mo mọ àtakò méjì tí wọn yóò mú wá. Àwọn kan yóò wí pé: ‘Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa wá owó rẹ̀ kiri, líìgì ilé kò lè san ohun tí Ṣáínà ń san láé.’ Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ibi tí owó pọ̀ sí, kí ó lọ, kí ó sì rántí ìyá rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni kí àlọ rẹ̀ jẹ́ yíyàn, kí ó má jẹ́ sísá. Kí ọmọ ọdún 17 rí ibi kọ́ṣẹ́ ní ilé kí alárenà kan tó wá fi ìwé ìrìnnà tàn án. Kí ẹni ọdún 33, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ kún fún ọgbọ́n, rí ẹgbẹ́ tí yóò gbà á ní ìlú rẹ̀, kí ó lè lo ọdún mélòó kan tí ó kù láàrin àwọn ọmọ tí yóò jogún iṣẹ́ náà. Olúmidé ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní eré yìí. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè fi owó àpò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ orílẹ̀-èdè.

Àwọn mìíràn yóò wí pé: ‘Ilé ìwòsàn àti ojú ọ̀nà ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí ni ti bọ́ọ̀lù?’ Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀ràn. Líìgì kan kò ju kí a mú ọjọ́ kan, kí a pa ọjọ́ náà mọ́. Kí a sọ iye tí a ó san, kí a san án. Kí a yan adájọ́, kí a má fún un ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí a dìbò fún olórí, kí ẹni tí ó fìdí rẹmi sì lọ sí ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Orílẹ̀-èdè tí kò lè ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí lórí pápá kékeré tí pátákó mímọ́ ṣe ilẹ̀ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣe wọ́n ní ilé ìwòsàn? Àìsàn kan náà ni. Ibi tí ó ti kéré ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni apá kan ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ kò sì nílò àṣẹ ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ gíga kan bá wà ní kíláàsì yín, tí ojú rẹ̀ ti wà ní òkè òkun, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì ṣe fi Hakeem nìkan tàn án. Ẹ sọ fún un pé bí orí bá ṣe é dáadáa, iṣẹ́ alágbàṣe ni yóò ṣe, ọdún 10 tàbí 12 sì ni yóò fi ṣe é, bí kò bá fara pa. Ẹ kọ́ ọ ní ìṣirò tí yóò fi mọ ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí aṣojú rẹ̀ àti agbowó orí bá ti mú tiwọn. Ẹ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi ka ìwé àdéhùn láti orí dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun àti àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé FIBA ń fún àwọn aṣojú ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì máa bèèrè rẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé òfin kò gbà kí a mú ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ọ̀nà àkànṣe. Ẹni tí ó bá wá bá ọmọ ọdún 15 pẹ̀lú ìlérí, ẹ bi í léèrè àṣẹ tí ó ní. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ rí i pé ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó lọ, nítorí pé orúnkún lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwé ẹ̀rí kì í yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àkóso eré náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí líìgì yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí sí ojú ìwé kan, kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí ẹ má sì yí i padà fún ọdún 5. Ẹ san owó àwọn agbábọ́ọ̀lù kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn ìjòyè. Ẹ pe àwọn tí wọ́n ti rin ayé já padà wálé, kí ẹ gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ níbi ayẹyẹ kí ẹ sì tún gbàgbé wọn.

Àjò kò dùn kí onílé má relé, ni àwọn àgbà wí. Ẹni tí ó bá ti gbé òkè òkun rí, tí ó ti fi òtútù òwúrọ̀ jí ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pe orúkọ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é, mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn ọmọ wa ti ṣe tiwọn: wọ́n lọ, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń padà bọ̀ nígbàkúùgbà tí a bá pè wọ́n. Àwa ni ó kù kí a kọ́ ilé tí wọn yóò bọ̀ sí.